Ohun tí Ń Dáàbò Bo Sẹ́ẹ̀lì Nínú Yìnyín

Kò sí ẹni tí ń gbé Ṣómólú tàbí Bàríga tí kò mọ ẹja tí àwọn ará òkè ń pè ní òkú Èkó. Bí a bá gbé e jáde láti inú ẹ̀rọ amómidì, a máa le bí òkúta. Ṣùgbọ́n bí iná mànàmáná bá lọ tí ẹja náà yọ́, tí iná sì dé tí ó tún dì, ẹni tí ó rà á yóò rí i pé omi ń ṣàn lára rẹ̀, kò sì ní lè gba ara rẹ̀ mú nínú ọbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òtútù ni ó bà á jẹ́. Kì í ṣe òtútù, bí kò ṣe yìnyín.

Gbogbo ohun abẹ̀mí, ìbáà ṣe ẹja, igi tàbí ènìyàn, sẹ́ẹ̀lì ni a fi kọ́ ọ, omi ni ó sì pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì. Bí omi bá di yìnyín, a máa fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Bí ó bá yára dì jù, yìnyín yóò hù nínú sẹ́ẹ̀lì gan-an, yóò sì fà á ya. Bí ó bá dì díẹ̀díẹ̀, ìta ni yìnyín yóò ti bẹ̀rẹ̀. Iyọ̀ kì í bá omi dì. Nítorí náà yóò pọ̀ lápọ̀jù nínú omi tí ó kù, yóò sì máa fa omi inú sẹ́ẹ̀lì jáde títí sẹ́ẹ̀lì yóò fi súnkì.

Ní ọdún 1949, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Polge, Smith àti Parkes, rí i ní Mill Hill ní Lọ́ńdọ̀nù pé bí a bá fi glycerol sí àtọ̀ àkùkọ, yóò yè nínú òtútù líle. Inú sẹ́ẹ̀lì ni glycerol ń wọ̀. Irú ààbò kejì wà tí ń ṣiṣẹ́ láti ìta, èyí ni pọ́lísákáráìdì.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyọ ṣúgà tí a sín pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Ìdílé rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: ó wà nínú ògì, òun ni ó sì ń fà nínú ilá àti ewédú. Dextran, tí bakitéríà ń fi ṣúgà ṣe, àti alginate, tí a ń rí nínú koríko òkun, wà lára àwọn tí àwọn onímọ̀ ń lò. Wọ́n tóbi jù láti wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ìta ni wọ́n dúró sí tí wọ́n ń mú omi ki, bí ògì ti ń ki lórí iná, tí omi kò fi lè tètè para pọ̀ di yìnyín ńlá. Èyí ṣe pàtàkì nígbà yíyọ́ pàápàá, nítorí nígbà náà ni yìnyín kéékèèké ń dàpọ̀ di ńlá. Ìdí nìyí tí a fi ń yára yọ́ sẹ́ẹ̀lì nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí a má sọ àsọdùn: pọ́lísákáráìdì nìkan kì í sábà tó, a máa ń fi glycerol tàbí irú rẹ̀ kún un.

Kí ni èyí kàn wá sí? Ó kan iṣu wa. Ebu ni à ń gbìn, ebu kì í sì í dúró ju ọdún kan lọ kí ó tó hù tàbí kí ó tó rà. Bí a bá pa irú iṣu kan tì, ó lè parun. Ní Ìbàdàn, International Institute of Tropical Agriculture, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ń tọ́jú oríṣiríṣi iṣu lóko àti nínú ìgò. Ọ̀nà mìíràn ni pé kí a gé orí ọ̀mùnú iṣu, kí a fi alginate bò ó bí ìlẹ̀kẹ̀, kí a rẹ ẹ́ sínú omi ṣúgà, kí a mú un gbẹ, kí a sì rì í sínú naitrójìn olómi, tí òtútù rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n Celsius 196 sí ìsàlẹ̀ òdo. Àwọn onímọ̀ ti dán an wò lára iṣu, àwọn kan sì hù padà. Naitrójìn yìí kò sì dúró de iná mànàmáná, bí a bá ṣáà ti ń bù kún un.

Yunifásítì Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962, wà ní Àkọkà, ìtòsí Bàríga. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, ilá àti ewédú ń bẹ lọ́jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ gbé ohun tí ń fà nínú wọn lọ sí ilé ìdánwò, kí ẹ wo ààbò tí ó lè ṣe fún sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.