Frejon fún Ará Ilé

Ẹ̀yin ìyá ilé, bí Ọjọ́ Ẹtì Rere bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn Àgùdà Èkó, ọmọ àwọn tí ó ti Brazil padà bọ̀ ní ọ̀rúndún 19, a máa se frejon. Ẹ̀wà ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Potogí.

Ẹ se ẹ̀wà rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ rin àgbọn, kí ẹ fún omi funfun rẹ̀ sí i pẹ̀lú ṣúgà. Ẹ má ṣe gbé orógùn sílẹ̀, nítorí kíá ni í jó mọ́ ìdí ìkòkò.

Àgbọn wọ́n; opó tí ó wà ní ojúlé kejì lè má rí i rà. Bí ó bá jẹ́ tirẹ̀ nìkan ni ẹ bù, ojú yóò tì í. Gbogbo ojúlé ni kí abọ́ dé, ṣùgbọ́n kí tirẹ̀ kún jù, kí ẹ sì fi ọbẹ̀ ẹja tì í.