Bí Àwọn Ìkànnì Búlọ́ọ̀gì Kéékèèké Ṣe Ń Bá Àwọn Ńlá Díje

Ọdún 2003 ni WordPress jáde, ọdún náà gan-an ni Google ra Blogger. Lónìí, ó ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìkànnì ayé tó ń lo WordPress. Ilé-iṣẹ́ tí ènìyàn kan ṣoṣo ń darí kò lè fi owó tàbí òṣìṣẹ́ bá irú wọn díje. Fífúyẹ́ ló fi ń jà.

Bí òǹkàwé bá tẹ líǹkì búlọ́ọ̀gì WordPress lórí fóònù, kóòdù PHP tó wà lórí sáfà ni yóò kọ́kọ́ dìde. Yóò fa àpilẹ̀kọ náà yọ láti inú àkójọ dátà, yóò wá ìrísí ojú-ìwé tí oní-búlọ́ọ̀gì yàn, yóò sì to gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́. (Àwọn sáfà kan máa ń tọ́jú ẹ̀dà tí wọ́n ti tò sílẹ̀ kí iṣẹ́ lè dínkù.) Kò tíì tán: àwòrán, JavaScript, ìpolówó àti kóòdù tó ń ṣọ́ òǹkàwé ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, gbogbo wọn ló sì ń jẹ dátà. Ojú-ìwé kan lè ju mẹ́gábáìtì 2 lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé torí rẹ̀ wá lè má tó kìlóbáìtì 10.

Bear Blog, tí Herman Martinus bẹ̀rẹ̀ ní South Africa lọ́dún 2020, gé gbogbo àfikún yìí kúrò. Kìlóbáìtì mélòó kan péré ni ojú-ìwé rẹ̀, ó sì ń ṣí kíá níbi tí nẹ́tíwọ̀kì kò ti lágbára.

Owó ni ọ̀nà kejì. Substack, ìkànnì tí òǹkọ̀wé fi ń ta àpilẹ̀kọ, ń gba ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí òǹkàwé ń san: nínú 1,000 dọ́là, 100 ti lọ. Ghost, ìkànnì búlọ́ọ̀gì kékeré tí John O'Nolan àti Hannah Wolfe dá sílẹ̀ ní 2013, kì í fọwọ́ kan owó náà. Iye kan pàtó ni òǹkọ̀wé ń san fún sáfà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì ní òǹkàwé tó ń sanwó, Substack ló dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn jù, nítorí ọ̀fẹ́ ni.

Ibi tí àwọn kéékèèké ti kù díẹ̀ káàtó ni wíwá òǹkàwé. RSS, tó ń jẹ́ kí òǹkàwé rí àpilẹ̀kọ tuntun gbà láìpadà sí ìkànnì náà, ni wọ́n fi ń dí àlàfo náà. Ghost tún fi ActivityPub, ìlànà tó ń so àwọn ìkànnì pọ̀, kún un ní 2025, tí ẹni tó wà lórí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ Mastodon fi lè máa rí àpilẹ̀kọ gbà.

Àwọn ìkànnì kéékèèké sì lè kógbá sílé. Twitter ra Posterous, ìkànnì búlọ́ọ̀gì kékeré kan, ní 2012, ó sì tì í pa ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2013.