Garba

Garba jẹ́ oúnjẹ tí àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ìlú Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, máa ń jẹ ní ọ̀sán nígbà tí wọn kò bá lè padà sílé. Attiéké àti ẹja tuna díndín ni ó para pọ̀ di garba, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata tútù tí a gé sí i.

Gbágùúdá ni a fi ń ṣe attiéké: a óò rin ín, a óò fi í pamọ́ kí ó kan díẹ̀, a óò fún omi rẹ̀ kúrò, a óò sì fi ooru omi sè é. Ní ọdún 2024, àjọ UNESCO fi ìmọ̀ iṣẹ́ yìí sínú àkójọ àṣà àjogúnbá aráyé. Irú tí ó dínwó ni a ń lò fún garba.

Orúkọ Dicoh Garba, tí ó jẹ́ mínísítà ní àwọn ọdún 1970, ni a gbà pé oúnjẹ náà ń jẹ́. Àwọn ọkùnrin Háúsá láti orílẹ̀-èdè Niger ni ó sábà máa ń tà á, nínú ìsọ̀ tí a ń pè ní garbadrome.

Oníbàárà ni ó máa ń sọ iye owó attiéké àti iye owó ẹja tí òun fẹ́. Nítorí náà, ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kéré lè fi attiéké púpọ̀ àti ẹja díẹ̀ yó. Ojú kò sì ní tì í, nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ṣe ń rà á. Ṣùgbọ́n bí gbágùúdá bá wọ́n, inú àwo irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ ń rí i.