Ẹ jẹ́ ká mọ̀: ọwọ́ náà ń sọ̀rọ̀

Ní Atakpamé, ní Tógò, èdè Ifẹ̀ (tó bá Yorùbá tan), Ewe àti Faransé lẹ ó máa gbọ́ nígboro. Àmọ́ Edward Hall, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé ní 1959 pé ẹnu nìkan kọ́ là ń fi sọ̀rọ̀. (Bíi pé àwọn àgbà wa ò mọ̀!)

Ní 2001, olùwádìí méjì, Sotaro Kita àti James Essegbey, kọ̀wé lórí bí àwọn Ewe ní Gánà ṣe ka fífi ọwọ́ òsì tọ́ka sí èèwọ̀. Ẹni tó ń júwe ọ̀nà apá òsì lè ká ọwọ́ òsì sẹ́yìn ìbàdí, kó wá na ọwọ́ ọ̀tún kọjá àyà. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá dí ńkọ́? Á kọ́kọ́ tọrọ gáfárà kó tó lo ọwọ́ òsì. Ọmọ Yorùbá tó bá bá Ewe nájà l'Atakpamé ò nílò ògbufọ̀ fún ìyẹn, torí ìwà àìlọ́wọ̀ ni lójú Yorùbá náà.