Ìpè Wọlé, Ohùn Dúró Lóde

Nínú agbo ilé ńlá tó ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, kò sí ọmọ ilé tí kò mọ yàrá ẹ̀gbẹ́ kànga. Ará òde ò mọ̀ ọ́n; orúkọ agbo ilé ló mọ̀. Bí ọmọ ilé bá wá kọ lẹ́tà sí òkèèrè pé, “Yàrá ẹ̀gbẹ́ kànga ni kí ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí,” èsì ò ní dé. Agbo ilé wo ni kò ní kànga?

Ohun tó ń bá ẹni tó gbé sáfà ìpè tirẹ̀ kalẹ̀ sílé nìyẹn. Asterisk, ètò ọ̀fẹ́ tí Mark Spencer bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1999, lè sọ kọ̀ǹpútà kékeré di ibùdó tẹlifóònù fún ẹbí tó fọ́n káàkiri. Ṣùgbọ́n ráútà ni ẹnu ọ̀nà, firewall sì ni máígáàdì: èsì ẹni tí ará ilé kọ́kọ́ pè nìkan ló ń jẹ́ kó wọlé. Nínú ilé, sáfà ń jẹ́ 192.168.1.20, orúkọ tí àìmọye ẹ̀rọ ń jẹ́ nílé ẹlòmíràn. Irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀, tí à ń pè ní IPv4, kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ láyé; ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹ̀rọ inú ilé kan fi ń pín ẹyọ kan lò níta. NAT ló ń fi àdírẹ́sì òde pààrọ̀ ti inú ilé lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yìn àpòòwé ni NAT ń tún kọ. Kì í sábà fọwọ́ kan lẹ́tà. Inú lẹ́tà sì ni SIP, tó ń ṣètò ìpè, ń kọ ibi tí ohùn yóò gbà wọlé sí. SIP ń gba port 5060, bí ilẹ̀kùn tó ní nọ́ńbà; RTP ló ń gbé ohùn gba ọ̀nà tirẹ̀. Bí SIP bá kọ 192.168.1.20 síbẹ̀, fóònù á dún, wọ́n á gbé e, ẹni òkè òkun á gbọ́ ti ilé, ilé ò ní gbọ́ tirẹ̀.

Nínú pjsip.conf, fáìlì ìṣètò Asterisk, external_media_address la fi ń sọ àdírẹ́sì gidi fún Asterisk, kó lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ráútà á wá darí port 5060 àti ti ohùn, 10000 sí 20000 bó ṣe wà nínú àpẹẹrẹ rtp.conf, sọ́dọ̀ sáfà.

Ṣùgbọ́n bí àdírẹ́sì òde ráútà bá wà láti 100.64 dé 100.127, ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti fi NAT tirẹ̀ bo tiwa. Ilẹ̀kùn yàrá là ń ṣí, ẹnu ọ̀nà ò sí lọ́wọ́ wa. Bí ó bá tiẹ̀ ṣí, olè kì í pẹ́ dé port 5060 láti máa dán ọ̀rọ̀ aṣínà wò. Bó bá wọlé, á fi ìlà olówó pe òkèèrè, onílé á san án.

Èmi á kúkú háyà sáfà kékeré tó ní àdírẹ́sì gidi, kí n fi WireGuard, ètò tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàárín ẹ̀rọ, so ti ilé àti fóònù ẹbí mọ́ ọn. Ti ilé ló ń kọ́kọ́ pè jáde, máígáàdì ò sì ní dí i lọ́wọ́; PersistentKeepalive tí a fi sí 25 ń ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 25 síra wọn, kí NAT má gbàgbé ọ̀nà. Nínú WireGuard, gbogbo ẹ̀rọ ló jọ mọ àdírẹ́sì ara wọn: ohun tí SIP bá kọ, òótọ́ ni, port 5060 ò sì ní láti ṣí sílẹ̀ fún aráyé.