Ẹ̀jẹ̀ Lábẹ́ Rẹ́tínà Lẹ́yìn Tí Nǹkan Bá Bà Wá Lójú: Ìtọ́jú Rẹ̀ àti Ohun Tó Kan Olùkọ́

Iṣẹ́ yìí gùn lé ìpalára kan tí kò rọrùn fún olùkọ́ láti fura sí. Bọ́ọ̀lù lè ba akẹ́kọ̀ọ́ lójú lórí pápá, ó lè jẹ́ ìkúùkù tàbí òkúta kànnàkànnà. Ká má fi bò, ó lè jẹ́ orí pàṣán olùkọ́. Wọ́n á fi omi tútù sí i, ojú tó wú á sì fọn. Bí ẹyinjú bá ti funfun bíi ti tẹ́lẹ̀, gbogbo ènìyàn á gbà pé ó ti tán, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ojú lè ti bàjẹ́.

Rẹ́tínà ni awọ tín-ín-rín tó tẹ́ ẹ̀yìn inú ẹyinjú, òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀. Àárín rẹ̀, tí à ń pè ní màkúlà, la fi ń kàwé. Abẹ́ rẹ́tínà ni kọ́róìdì wà, awọ tó kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí ohun tí kò mú bá gbá ojú, ẹyinjú á fún pọ̀ láti iwájú sẹ́yìn, á sì fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Rẹ́tínà lè nà díẹ̀. Awọ Bruch tó wà láàárín rẹ́tínà àti kọ́róìdì kò lè nà bẹ́ẹ̀, ó lè fàya, ẹ̀jẹ̀ á sì gba ibẹ̀ dà sí abẹ́ rẹ́tínà.

Ẹ̀jẹ̀ náà á dínà oúnjẹ àti ọ́síjìn tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ń rí láti abẹ́. Irin inú rẹ̀ jẹ́ májèlé fún wọn. Bó bá sì dì, fọ́nrán rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ wọn, á máa fà wọ́n ya. Lára ehoro, Glatt àti Machemer rí i ní 1982 pé ìbàjẹ́ náà kò pẹ́ ju ọjọ́ kan lọ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló nílò iṣẹ́ abẹ. Bó bá kéré, tí kò sí lábẹ́ màkúlà, ara á fà á gbẹ, dókítà á kàn máa ṣọ́ ọ ni. Bó bá nípọn lábẹ́ màkúlà, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ sọ gáàsì sínú ojú, pẹ̀lú tPA, oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Aláìsàn á wá dojúbolẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bó ti dojúbolẹ̀, ẹ̀yìn ojú ló di òkè. Gáàsì á léfòó lọ síbẹ̀, á sì ti ẹ̀jẹ̀ kúrò lábẹ́ màkúlà. Ọ̀nà kejì ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń kó omi dídì inú ẹyinjú jáde, tí wọ́n á sì fi tPA sí abẹ́ rẹ́tínà gan-an. Àárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni èyí ti ń ṣiṣẹ́ jù. Síbẹ̀, bí awọ náà bá ya gba àárín màkúlà, ìríran lè má padà bọ̀ sípò.

Ní Port Harcourt, ẹ̀ka ìtọ́jú ojú wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Yunifásítì Port Harcourt, ní Alakahia. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti oníṣẹ́ abẹ rẹ́tínà, wọ́n lè darí aláìsàn sí UCH ní Ìbàdàn tàbí sí Èkó. Ẹni tó bá wọ bàálù láti Omagwa lọ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ padà bí gáàsì bá ṣì wà lójú rẹ̀. Lókè, gáàsì á wú, á ti ẹyinjú látinú, ojú sì lè fọ́. Mọ́tò ni kó wọ̀, títí dókítà yóò fi sọ pé gáàsì ti tán, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ní ilé ìwé, ẹ má tẹ ojú náà, ẹ má sì fi omi ọmú tàbí ìtọ̀ sí i. Ẹ wo jẹ́nótáìpù ọmọ nínú fáìlì rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó bá dà sí iwájú ojú léwu jù fún SS àti AS. Ẹ bo ojú kan, kó fi èkejì ka ìwé. Bí a bá la méjèèjì sílẹ̀, èyí tó dára á bo àṣírí èyí tó bàjẹ́. Bí àárín bá ṣókùnkùn fún un, tàbí ìlà bá wọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tàbí ọdún, iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun lè hù létí ibi tó ya, kó tún máa ṣẹ̀jẹ̀. Abẹ́rẹ́ bevacizumab inú ojú ni wọ́n sábà fi ń dá a dúró. Ìwé àjákọ onílà tó tó láti ṣọ́ ọ: kí ọmọ máa bo ojú kan wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bóyá ìlà ṣì tọ́.