Dídín ìgbọ̀nrìrì kù nínú drone eré-ìje
Ọ̀nà pàtàkì kan tí a ń gbà dín ìgbọ̀nrìrì kù nínú drone eré-ìje ni kí a fi rọ́bà sáàárín férémù rẹ̀ àti pátákó ìdarí rẹ̀. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Ayétẹ̀ àti àwọn ìlú Ìbàràpá yòókù: lórí rọ́bà náà ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ máa ń jókòó, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ẹ́ńjìn síìtì.

Mọ́tò mẹ́rin ló sábà máa ń gbé drone eré-ìje, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè yí ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bí abẹ̀bẹ̀ orí mọ́tò bá ṣẹ́ tàbí tí ó wọ́, gbogbo férémù yóò máa gbọ̀n. Gyroscope tó wà lórí pátákó náà yóò ka ìgbọ̀nrìrì yìí sí yíyẹ̀ gidi, pátákó yóò sì máa pàṣẹ fún mọ́tò láti tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Mọ́tò á gbóná, ó sì lè jóná.

Rọ́bà a máa gba ìgbọ̀nrìrì tó yára mọ́ra, a sì jẹ́ kí ìyípo gidi, tó lọ́ra jù ú lọ, kọjá. Bí a bá de nọ́ọ̀tù le jù, rọ́bà á fún pọ̀, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Bí ó bá sì rọ̀ jù, pátákó fúnra rẹ̀ á máa mì. Sọ́fítíwíà lè sẹ́ ìgbọ̀nrìrì tó kù, ṣùgbọ́n àsẹ́jù ń mú kí drone pẹ́ kí ó tó dáhùn. Nítorí náà, abẹ̀bẹ̀ tó ṣẹ́ ni a ó kọ́kọ́ pààrọ̀.